Ọmọ Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́ta ní Geneva

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí ẹ kò bá tíì parí iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ fún yín, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí ẹ fetí sí tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ kan tí ọmọ Yunifásítì lè lọ kọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ó sì padà wá sílé wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé ìwádìí ni ibi tí ó ń lọ. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ti pa ọgbọ́n pọ̀ láti mọ ohun tí a fi dá ohun gbogbo. CERN ni orúkọ rẹ̀, "Sáàn" ni a ń pè é lẹ́nu, ẹ̀bá ìlú Geneva ní ilẹ̀ Súwísàláǹdì ni ó sì wà.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ilẹ̀ òkèèrè dẹ́rù bà yín. Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe nǹkan titun lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀yọ́ dáadáa mọ àwọn tí ń fín igbá níbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ awọ. Ọmọdé tí a bá fi sọ́dọ̀ ọ̀gá afíngbá kì í kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ. Yóò máa fá inú igbá, yóò máa gbá ilẹ̀, yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀gá yóò ju àfọ́kù igbá sí i pé kí ó máa fi dánra wò. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ náà ń kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan: ó ń mọ ohun tí àwọn afíngbá ń pè ní iṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń pè ní játijàti. Bí ọ̀gá bá wo àfọ́kù igbá náà, tí ó kàn mí kanlẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ni. Irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ń wí, àfi pé òòfà àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò níbẹ̀ dípò ọ̀bẹ.

Ní ọdún 1954 ni wọ́n dá ilé náà sílẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ó parí. Orílẹ̀-èdè 12 ní Yúróòpù ni ó pa owó pọ̀. Jámánì, Faransé, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń fi bọ́ǹbù wó ilé ara wọn láìpẹ́ ọjọ́, jókòó yí tábìlì kan náà ká. Wọ́n fi í sínú ìwé àdéhùn pé ilé náà kò gbọdọ̀ bá wọn ṣe iṣẹ́ ohun ìjà, àti pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí níbẹ̀, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á. Láti 1962 ni wọ́n sì ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní àkókò oòrùn wọn, èyíinì ni láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa tí oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ tiwọn. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan nínú àwọn tí ń dá owó ilé náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún, ṣùgbọ́n wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ Nàìjíríà lè kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ wọn ti rí, nítorí ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà. Wọ́n gbẹ́ ihò kan sí abẹ́ ilẹ̀, ó jìn tó nǹkan bíi mítà 100, ó sì yí po bí òrùka. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ Súwísàláǹdì, èyí tí ó pọ̀ jù wà lábẹ́ oko àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé, tí màlúù ń jẹ koríko lórí rẹ̀ láìmọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn ín yípo, kìlómítà 27 ni yóò rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 50. Bí a bá já òrùka náà, tí a nà án tọ́ láti Ọ̀yọ́, yóò gbé yín dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Òòfà ńláńlá ni wọ́n tò sínú ihò yìí. Àwọn tí ó tóbi jù nínú wọn jẹ́ 1,232. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 15, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 35. Iṣẹ́ wọn ni láti máa darí ohun tí ń sáré nínú ihò náà kí ó má baà ṣìnà lọ kọ lu ògiri. Kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n mú wọn tutù dé ìwọ̀n 271 sísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ó lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ayé.

Kí wá ni ń sáré? Gbogbo ohun tí a ń rí, òkúta, igi, ènìyàn, títí dé orí àmàlà inú abọ́, átọ́ọ̀mù ni a fi ṣe é. Ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù ni ohun kékeré kan wà tí à ń pè ní púrótọ́ọ̀nù. Nínú gbogbo átọ́ọ̀mù, ti háídírójìn ni kò díjú, púrótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni ó ní. Inú àgbá kékeré kan tí wọ́n rọ háídírójìn sí ni àwọn ará CERN ti ń mú púrótọ́ọ̀nù wọn. Wọn yóò fi agbára iná mànàmáná tì í láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sí inú òmíràn, títí eré rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá dé inú òrùka ńlá yẹn, ìgbà 11,245 ni yóò yí i po ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó pe "Ògbómọ̀ṣọ́" tán, ó ti yí i po ní bí ẹgbàárùn-ún ìgbà. Àwọn kan ń sáré lọ, àwọn kan ń sáré bọ̀. Ibi mẹ́rin ni wọ́n sì yàn sílẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n forí sọ ara wọn.

Èrè wo ni ó wà nínú kí nǹkan méjì forí sọ ara wọn? Ẹ wo ìyá tí ń pa èkùrọ́. Kò sí bí ó ti lè dé ibi ọmọ inú rẹ̀ bí kò bá fi òkúta lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni tiwọn rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èkùrọ́ kò lè bá wa dé ilé, nítorí bí a bá pa èkùrọ́ méjì, èèpo àti ọmọ èkùrọ́ méjì náà ni a óò rí kó. Ní ti CERN, agbára eré yẹn fúnra rẹ̀ a máa di ohun titun, ohun tí kò sí nínú àwọn méjèèjì kí wọ́n tó pàdé. Ó dà bí ẹni pa èkùrọ́ méjì tí ó bá odidi ọsàn nílẹ̀. Einstein ti fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1905 pé agbára àti ohun tí ó wúwo lè di ara wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i lójoojúmọ́. Ọsàn tí mo wí yìí kì í dúró kí a wò ó. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, nítorí náà wọ́n ní láti yára ya àwòrán àwọn ẹ̀fọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fi mọ ohun tí ó jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán yìí, ATLAS ni wọ́n ń pè é, gùn ní mítà 46, ó ga ní mítà 25, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 7,000. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù ya ara yín, ẹ ò rí kámẹ́rà!

Mo ti sọ gbogbo èyí rí fún ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ìyá náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá, wọn kò ta nǹkan kan."

Ó ní, "Kí wọ́n ná owó tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ta nǹkan kan? Ta ni ń fún wọn lówó?"

Mo ní àwọn ìjọba wọn ni, láti inú owó orí tí àwọn ará ìlú ń san. Ìyá wò mí títí, ó ní, "Tiwa tí à ń san ńkọ́?"

Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ lórí afẹ́fẹ́, nítorí náà n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí òun ni gbogbo òbí máa ń bi ọmọ tí ó bá ní físíìsì ni òun fẹ́ kà: kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?

Ní ọdún 1964, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Peter Higgs, àti François Englert ní Bẹ́ljíọ̀mù, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ mìíràn, fi ìwé àti gègé ṣírò rẹ̀ pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí ó jẹ́ kí àwọn nǹkan kéékèèké inú átọ́ọ̀mù ní ìwúwo. Kò sí ẹni tí ó rí ohun náà sójú. Ọdún 48 kọjá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, àwọn ẹgbẹ́ méjì tí ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní CERN dìde nínú gbọ̀ngàn, wọ́n kéde pé àwọn ti rí i. Higgs wà níbẹ̀, ó ti di ẹni ọdún 83, ó sì ń nu omi ojú. Ní 2013 ni wọ́n fún òun àti Englert ní ẹ̀bùn Nobel. Ó kú ní 2024. Ìyá Àkẹ̀sán yóò ní òun kò tíì rí ohun títà níbẹ̀ síbẹ̀, òótọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá èyí, òmíràn já bọ́. Ní 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní CERN, rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè tètè rí ìwé ara wọn kà. Ó ronú ọ̀nà kan tí ojú ewé inú kọ̀ǹpútà kan yóò fi lè tọ́ka sí òmíràn níbikíbi tí ìyẹn bá wà. World Wide Web ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbàkúùgbà tí ọmọ yín bá ṣí fóònù láti wo èsì ìdánwò WAEC rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú ọ̀nà tí wọ́n là níbẹ̀ ni ó ń rìn. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á ni, mélòó ni wọn ìbá pè é?

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò yìí tètè yé jù. Àwọn òbí yín àgbà kò bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Ṣáájú 1969, ó ṣòro kí ènìyàn wọ ọjà ńlá kan ní àríwá ilẹ̀ Gana kí ó má bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí ó pàtẹ ọjà sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba Gana pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Àwọn arúgbó tí wọ́n rántí rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ohun tí wọ́n kó dé kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tún òwò dá sílẹ̀ ní ilé, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fi dá a: bí a ti ń ka owó, bí a ti ń ba ẹni tí a kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, bí a ti ń gbọ́ èdè ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ Gana yìí kan náà, ní Kumasi, ní 2012, ni àwọn onímọ̀ físíìsì ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà. Ní South Africa ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2010, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni Ketevi Assamagan, ọmọ ilẹ̀ Togo, tí ó wà lára àwọn tí ó wá ohun tí Higgs sọ nínú ẹ̀rọ ATLAS. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé mú orúkọ yìí lọ́wọ́. Ọmọ Togo ni, aládùúgbò wa ni, ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Èkó lè sun Lomé lálẹ́ ọjọ́ náà bí àwọn aṣọ́bodè kò bá dá a dúró jù.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọbìnrin kan. Àpẹẹrẹ lásán ni mo ń ṣe, n kò sọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i, ó ń ka físíìsì ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1990, ó ti wà ní ọdún kẹrin. Ó kọ̀wé sí CERN, wọ́n gbà á. Kí ni ojú rẹ̀ yóò rí?

Ní òwúrọ̀, yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè wá, àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni yóò sì máa kọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, nítorí olúkúlùkù ni a fún ní ọ̀gá àti iṣẹ́ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ègé kékeré kan tí wọn yóò lò nínú ẹ̀rọ àwòrán ni yóò máa yẹ̀ wò, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ ìtọ́ni fún kọ̀ǹpútà ni yóò máa kọ, èyí tí yóò ya àwòrán tí ó wúlò kúrò lára ẹgbàágbèje tí kò wúlò. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, yóò kọ ìwé lórí ohun tí ó ṣe, yóò fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí àmàlà níbẹ̀, kí n tètè sọ. Búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ọ̀dùnkún ni yóò máa rí. Ní oṣù Keje, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá, bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí ó múra sílẹ̀ fún ìrun Màgíríbì tí yóò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, yóò máa wo òkè Mont Blanc lókèèrè, tí yìnyín funfun bò lórí nínú oòrùn ganrínganrín.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ nira fún un kì í ṣe físíìsì. Wọn yóò ní kí ó máa pe ọ̀gá rẹ̀, bàbá arúgbó tí irun rẹ̀ ti funfun, ní orúkọ àbísọ. Ọmọ tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí ó kúnlẹ̀ kí àgbà! Ẹnu rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wúwo. Èkejì tún nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá yóò ṣàlàyé, yóò dákẹ́, yóò máa retí pé kí ọmọ náà bèèrè ọ̀rọ̀ tàbí kí ó ní, "Kò yé mi," tàbí pàápàá kí ó ní, "Ẹ gbà mí láyè, èyí kò rí bẹ́ẹ̀." Bí ó bá dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, wọn yóò rò pé kò ní nǹkan sọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, mo sì ń rí i pé nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, ọmọ tí ó bá béèrè ìdí ní ẹ̀ẹ̀mejì, aláfojúdi ni a ń pè é. A lè kọ́ ọmọ pé kí ó kúnlẹ̀ kí wa ní àárọ̀, kí a sì jẹ́ kí ó máa bi wá ní ìbéèrè títí di ìrọ̀lẹ́. Èkíní kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ òrùka ńlá náà. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án sí i, ibi tí wọ́n ti so wáyà kan mọ́ ìkejì rẹ̀ láàrin òòfà méjì kò dára tó. Iná ta níbẹ̀, afẹ́fẹ́ híílíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú un tutù tú jáde pẹ̀lú agbára, òòfà tí ó ju 50 lọ sì bàjẹ́. Ìsopọ̀ kan ṣoṣo ni, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó gbà wọ́n ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tún un ṣe, oṣù Kọkànlá ọdún 2009 ni ó tó tún ṣiṣẹ́. Wọ́n tẹ ìròyìn ohun tí ó bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀ jáde kí gbogbo ènìyàn kà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ wáyà iná ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ tú ìsopọ̀ kan kí ẹ tún un so, ẹ má bínú sí i.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù kan wà lọ́kàn àwọn òbí tí ń gbọ́ mi: bí ọmọ yìí bá lọ, ṣé yóò padà wá? N kò ní tan yín. Àwọn kan kì í padà. Ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ lọ́kàn gidigidi, Abdus Salam ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Pakísítánì. Ó kàwé ní Cambridge, ó sì padà sílé ní 1951 láti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ní Lahore. Kò bá ẹni tí yóò bá jíròrò, ìwé titun kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di dandan kí ó yan ọ̀kan: kí ó dúró kí ìmọ̀ rẹ̀ gbẹ, tàbí kí ó fi ilé sílẹ̀. Ní 1954 ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ní 1964 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Trieste ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ tí kò lówó lè lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó ka ìwé, kí ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé, kí ó tún lọ nígbà mìíràn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Ó kú ní 1996, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdó náà. Àwọn onímọ̀ físíìsì Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n ti lọ síbẹ̀ tí wọ́n sì padà wá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ọmọ padà, ó yẹ kí ohun tí yóò padà sí wà.

Díẹ̀ wà nílẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀rọ kan wà tí ń fún àwọn nǹkan kéékèèké inú átọ́ọ̀mù ní eré, bí ti CERN, àmọ́ kékeré ni tirẹ̀, inú ilé kan ni ó wà. Wọ́n fi ń mọ ohun tí ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, nínú òkúta àti nínú eruku tí à ń fà símú. Láti Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ìbàdàn ni ènìyàn yóò gbà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ kọ̀wé síbẹ̀ kí ẹ bèèrè bóyá ẹ lè kó àwọn ọmọ yín lọ wò ó. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni ó kọ́kọ́ fojú kan ohun èlò físíìsì, kò sí bí a ti lè bá a sọ̀rọ̀ Geneva kí ó yé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọmọbìnrin yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni èyí, ẹ sọ fún un pé láti 2016 títí dé òpin 2025, obìnrin ni ó jẹ́ olórí gbogbo CERN, Fabiola Gianotti, ọmọ ilẹ̀ Ítálì.

Nísinsìnyí, ẹ wá bébà àti gègé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta ní Yunifásítì kí àkókò náà tó dé. Físíìsì, ìṣirò, kọ̀ǹpútà tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà ni kí ó sì máa kà. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ewé CERN fúnra rẹ̀, ni a ti ń kọ̀wé, ó sì sábà máa ń parí ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kí ẹ máa wo ọjọ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá gbà ní owó oúnjẹ àti ilé, wọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹnì kan bá wá bá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ẹ san nǹkan kí òun bá yín fi orúkọ ọmọ yín ránṣẹ́, olè ni, ẹ pe ọlọ́pàá.

Àwọn tí ń kọ̀wé pọ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ ni wọn kì í mú. Ẹni tí wọn kò bá mú ní ọdún yìí lè tún kọ ọ́ ní ọdún tí ń bọ̀ bí ó bá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọn yóò bèèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ tí ó mọ ọmọ náà, nítorí náà kí ó tètè lọ bá wọn ṣáájú Kérésìmesì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, tàbí kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a máa wá olùkọ́ kiri. Kí ó tètè gba ìwé ìrìnnà pẹ̀lú, nítorí físà kò ṣeé gbà láìsí i, ìwé ìrìnnà kì í sì í yá bí a ti rò. Kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti inú ìwé ẹ̀rí WAEC mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Mo ti rí ọmọ tí ń jẹ́ Adéwálé nínú ìwé kan, tí ó ń jẹ́ Wálé nínú èkejì, tí bàbá rẹ̀ tún kọ orúkọ ìdílé sí iwájú nínú ẹ̀kẹta. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń lọ fi ń bọ̀ ní kóòtù àti ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó gbà pé ènìyàn kan ni. Ẹ yẹ tiyín wò ní alẹ́ yìí kí ẹ tó sùn.

Àkókò mi ti pé. Ẹ kú alẹ́ o.